Olú Funfun Inú Koríko Ẹ̀yìnkùlé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Houston

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹni tó bá ti gbé Houston rí á mọ bí oṣù Kẹsàn-án ṣe máa ń rí níbẹ̀: òjò ò lé ooru lọ, ilẹ̀ ò ráyè gbẹ, bí èèyàn bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àfi bí ìgbà tó ṣí ìdérí ìkòkò ẹ̀kọ. Ìyá ìyàwó mi ti lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ọmọ tuntun ni wọ́n wá bá wa wẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ní nǹkan bí aago méje, mò ń fọ ìgò wàrà ọmọ ní kíṣìnnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá Ìkókó! Ẹ wá wo nǹkan! Olú ọ̀gán hù nílẹ̀ òyìnbó!"

Kì í ṣe olú ọ̀gán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a ti mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ ojú wa rí nǹkan kí a tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ará wa kan ti bi mí léèrè bó ṣe jẹ́, mo sì kíyè sí i pé bí mo bá ń fẹnu sọ ọ́, apá kan ni mo máa ń fò. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ níbí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ̀yìnkùlé wa kò tóbi. Koríko St. Augustine ló wà níbẹ̀, irú tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó sì ki bí ẹní. Igi óákù ńlá kan wà láàárín rẹ̀ rí. Ẹni tó ta ilé fún wa ló gé e, ó lọ kùkùté rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tẹ́ koríko lé e lórí. Àyíká ibẹ̀ ni àwọn olú náà ti yọ. Wọ́n tò yípo bí ẹni pé ẹnì kan fi okùn wọn ilẹ̀ fún wọn, àmọ́ òbìrípo náà kò pé, ọgbà ló gé e kúrú lápá kan. Koríko tó wà lójú ìlà wọn tutù yọ̀yọ̀ ju ìyókù lọ. Mo ti ń rí ibi tó dúdú mìnìjọ̀ yẹn láti bí oṣù méjì, mo rò pé ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi ló ń da omi jù síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé olú ti wà nísàlẹ̀, tó ń jẹ ohun jíjẹrà inú ilẹ̀, tí àjẹkù rẹ̀ sì ń di ajílẹ̀ fún koríko òkè.

Mo ka 14. Àwọn kékeré inú wọn ṣì rogodo lórí, bí kọ̀ǹgọ́ tí wọ́n fi ń lu ìlù. Àwọn tó ti ṣí tẹ́ pẹrẹsẹ bí agboòrùn. Mo fi rúlà wọn èyí tó tóbi jù, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19. Funfun ni wọ́n, àmọ́ àárín orí wọn ní àbàwọ́n kan bí ìgbà tí iná rà á lára, àbàwọ́n náà sì fọ́nká sí ìpẹ́ kéékèèké bó ṣe ń lọ sí etí. Òrùka kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn, ó ṣeé tì sókè sódò bí òrùka tó tóbi ju ìka lọ. Lábẹ́ orí, àwọn abala fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tò bí ojú ewé ìwé. Funfun làwọn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi funfun yẹn sọ́kàn, torí òun ló tàn wá jẹ.

Màámi ti ká mẹ́sàn-án sínú abọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti rí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ẹnu wọn kò gba oúnjẹ ibí dáadáa: wọ́n ní adìẹ wa kò ní egungun, wọ́n ní tòmátì wa kò ní omi. Àárọ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n dúró nínú koríko tútù pẹ̀lú ìró wọn tí wọ́n ká sókè, wọ́n ń sọ fún mi bí wọ́n ṣe máa ń jí lọ sídìí ọ̀gán ní oko bàbá wọn lẹ́yìn Ìkirè, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń kó o, pé bí a bá fi olú náà se ẹ̀gúsí, kò sẹ́ni tó ń wá ẹran kiri.

Ìyàwó mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì sè é. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n ná."

"Èmi tí wọ́n fi olú wò dàgbà lẹ fẹ́ kọ́ ní olú?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí olú?

Síbẹ̀, mo ya fọ́tò kan láti òkè, mo fi sínú áàpù tó máa ń dárúkọ ewéko. Ó dá orúkọ mẹ́ta. Èkíní, ó ní olóró ni. Èkejì ni Macrolepiota procera, tí àwọn ará Yúróòpù máa ń dín jẹ. Ẹ̀kẹta jẹ́ mọ̀lẹ́bí olú inú ike tí wọ́n ń tà ní sùpámákẹ́ẹ̀tì. Áàpù náà kò purọ́ o. Láti òkè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra wọn. Èmi ni mo ya àtàrí olú fún un tí mo wá ní kó sọ irú ẹni tó jẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa láàárọ̀ yẹn ni pé mo rántí olùkọ́ báọ́lọ́jì wa ní girama. Olú kì í ní èso, ìyẹ̀ lẹ́búlẹ́bú ló fi ń bímọ, ìyẹ̀ náà sì máa ń já bọ́ láti abẹ́ orí rẹ̀. Àwọ̀ ìyẹ̀ yẹn kì í tètè tan èèyàn jẹ bí àwọ̀ òkè. Mo gé ẹsẹ̀ olú tó ti ṣí dáadáa, mo da orí rẹ̀ dé sórí bébà, ìlàjì bébà náà funfun, ìlàjì kejì dúdú, torí pé ìyẹ̀ funfun kò ní hàn lórí funfun. Mo kán omi ẹyọ kan sí i lórí kó má baà gbẹ, mo sì da abọ́ bò ó. Aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú nìyẹn. Ó máa ń gba wákàtí bíi mélòó kan. Ó dára jù kí ó sùn níbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀

Màámi jókòó sórí àga, wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé ìyẹn nìkan ti tó ìpayà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní inú àwọn ń rú. Kí wọ́n tó dé ilé ìwẹ̀, èébì ti dé.

Ìgbà tí èébì kejì lọ ni wọ́n tó sọ ọ́, pẹ̀lú ìtìjú: "Mo kàn já etí ọ̀kan lára rẹ̀ fi tọ́ ẹnu wò ni, nígbà tí mò ń ká a. Kò ju ìwọ̀n ìka méjì lọ." Tútù ni wọ́n jẹ ẹ́, kí n tó jáde síta rárá.

Ìyàwó mi pe 1-800-222-1222. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún ọ̀rọ̀ májèlé nìyẹn ní gbogbo Amẹ́ríkà, tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ti wà lára fìríìjì wa láti ìgbà tí a ti ń retí ọmọ. Nọ́ọ̀sì kan gbé e. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a rò. Kò kọ́kọ́ béèrè àwọ̀ olú. Ó ní: aago mélòó ni wọ́n jẹ ẹ́? Aago mélòó ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í rú? Ó béèrè ọjọ́ orí wọn (68), bí wọ́n ṣe wúwo tó, oògùn tí wọ́n ń lò (oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru). Ó tún padà béèrè aago. Ìgbà mẹ́ta ló béèrè aago yẹn.

Nígbà tó yá ni mo mọ ìdí. Àwọn olú tó ń pani, àwọn Amanita tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kì í tètè fi ara hàn. Ẹni tó jẹ ẹ́ á jẹun tán, á ṣiṣẹ́, á sùn. Ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà tàbí méjìlá, nígbà míì ó lé, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ìgbà yẹn oró náà ti wọ ara. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí kan ààbọ̀. Ìyẹn fọkàn nọ́ọ̀sì náà balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ díẹ̀ náà ni, torí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbéèrè kan tó mú òógùn bò mí: "Ṣé ẹ dá a lójú pé oríṣi kan ṣoṣo ló wà nínú abọ́?" Ẹni tó bá ká oríṣi méjì pọ̀ lè bì nítorí ọ̀kan láàárọ̀, kí èkejì wá pa á lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Mo da gbogbo mẹ́sàn-án sórí ìwé ìròyìn, mo yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Òrùka wà lára gbogbo wọn. Ìpẹ́ wà lórí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà ní iyẹn kò tó, pé kí n lọ hú ọ̀kan láti ìdí, kí n má fà á. Àwọn Amanita funfun tó ń pani máa ń jókòó sínú àpò kan bí ẹyin tó sán lábẹ́ ilẹ̀. Bí a bá fà á tàbí tí a gé e, àpò náà á dúró sínú ilẹ̀, a ò sì ní mọ̀ láéláé pé ó wà níbẹ̀. Mo mú ṣọ́bìrì kékeré, mo wa ilẹ̀ yí ọ̀kan ká. Ìdí rẹ̀ wú díẹ̀ bí àlùbọ́sà eléwé. Kò sí àpò. Kò sí nǹkan kan.

Ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí yẹn ni mo ti rí i. Olú kan wà lẹ́bàá ọgbà tí a kò kà mọ́ 14, ó ti gbó, orí rẹ̀ ti ń ya. Mo yí i padà. Abẹ́ rẹ̀ kò funfun mọ́. Ó ti di eérú tó pa pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé, bí ìgbà tí ewúro gbẹ sórí àwo funfun. Mo ya á ní fọ́tò, láti abẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, a fi ránṣẹ́ sí àwọn nọ́ọ̀sì náà. Wọ́n fi han ẹnì kan tó mọ olú dunjú. Ìdáhùn dé kó tó pé ogún ìṣẹ́jú: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Chlorophyllum molybdites ni, kí a má da bébà ìyẹ̀ náà nù, òun ló máa fi òǹtẹ̀ lù ú.

Orúkọ yẹn kò ṣàjèjì sí wọn. Òun lolú tó ń mú àwọn èèyàn bì jù lọ ní Amẹ́ríkà, torí inú koríko ilé ló ń hù, ó tóbi, ó lẹ́wà, ó sì ní abẹ́ funfun nígbà tó ṣì tuntun. Ọdún 1818 ni onímọ̀ ewéko kan, G. F. W. Meyer, ti fún un lórúkọ láti ara èyí tó ti Guyana wá. Ó pè é ní molybdites nítorí àwọ̀ òjé tó rí lára rẹ̀. Onímọ̀ olú kan, Massee, ló gbé e sábẹ́ Chlorophyllum ní 1898, tó túmọ̀ sí ewé tútù. Ó kì í sábà pa àgbàlagbà, ó kàn ń fìyà jẹ wọ́n: inú rírun, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ á wà nínú rẹ̀. Ọmọdé àti àgbà tó ń lo oògùn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani fún, nítorí omi ara tó ń bá a lọ. Àwọn tó sè é jẹ náà ti ṣàìsàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbára lé iná.

A ò lè dúró sílé. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, Màámi kò lè mú omi dúró nínú, òòyì sì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, a kó olú mẹ́rin sínú àpò bébà dání (kì í ṣe náílọ́ọ̀nù, torí ó máa ń jẹ́ kó rà kíákíá). Wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, wọ́n sì ní kí wọ́n má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa. Ti owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àlejò tí kò ní ìwé adójútòfò, ẹ jẹ́ n má sọ ọ́ níbí.

Abẹ́ abọ́

Aago méje alẹ́ ni a padà délé. Ọmọ ń ké, àwo àárọ̀ ṣì wà nínú síǹkì, abọ́ sì ṣì dojú dé lórí tábìlì. Màámi ní òun fẹ́ rí i kí òun tó lọ sùn. Mo ṣí abọ́, mo gbé orí olú náà kúrò.

Tútù ni. Lórí ìdajì bébà tó funfun, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ yọ láti àárín lọ sí etí bí ìtànṣán oòrùn tí ọmọdé yà, àwọ̀ ewé tó ṣì ń sá lọ́wọ́. Olú tí abẹ́ rẹ̀ funfun láàárọ̀ ló yọ ìyẹ̀ aláwọ̀ ewé yìí. Bí ó bá jẹ́ Macrolepiota tí áàpù dárúkọ, ìyẹ̀ funfun ni à bá rí. Bí ó bá jẹ́ ti sùpámákẹ́ẹ̀tì, á dúdú bíi kòkó tí wọ́n lọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ olú ọ̀gán lóòótọ́, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí inú ikarahun òkun. Nínú àwọn olú ńlá tó ń hù nínú koríko, èmi kò mọ òmíràn tó ń yọ ìyẹ̀ aláwọ̀ ewé bí èyí.

"Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun," ni Màámi wí. Ìyàwó mi ló parí rẹ̀ fún wọn láti kíṣìnnì: "Èpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí."

Ọ̀rọ̀ ìdí

Ohun tó wá ń dùn mí ni ohun tí Màámi sọ ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ti lè mu ọ̀gì. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo fà á, ó yọ wẹ́rẹ́. Kò ní ìdí. Mo tiẹ̀ wo ọwọ́ mi. Mo wá sọ fún ara mi pé bóyá bí ti òyìnbó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Ó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Olú ọ̀gán gidi kì í yọ wẹ́rẹ́. Ó ní ìdí gígùn kan tó wọlẹ̀ lọ bí gbòǹgbò, ẹni tó bá fẹ́ ẹ tán pátá ní láti fi igi wa ilẹ̀ tẹ̀ lé e, nítorí inú ilé ìkán ló ti ń bọ̀. Àwọn ìkán kan nílẹ̀ wa jẹ́ àgbẹ̀: wọ́n ń kó ewé àti igi gbígbẹ wọlé, wọ́n ń fi í mọ oko kékeré tó dà bí kànrìnkàn nísàlẹ̀ ọ̀gán, olú sì ń hù lórí rẹ̀, ìkán ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà òjò, olú náà á ta orí jáde síta. Termitomyces ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Olú náà kò lè dá wà nínú igbó láìsí ìkán yẹn. Ìkán tó ń dáko olú kò sì sí ní gbogbo Amẹ́ríkà. Áfíríkà àti Éṣíà nìkan ló wà. Ìkán pọ̀ ní Houston dáadáa, wọ́n ń jẹ igi ilé àwọn èèyàn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ iṣẹ́ oko.

Ìyẹn ni pé kí n tó mú fóònù, kí n tó wá bébà dúdú, ìbéèrè kan ì bá ti tó: Màámi, ọ̀gán rẹ̀ dà? Kò sí ọ̀gán nínú ẹ̀yìnkùlé wa, kò sì lè sí. Wọ́n mọ̀ pé kò sí. Ọwọ́ wọn tún sọ fún wọn pé kò ní ìdí. Mi ò rò pé àìmọ̀ ló mú wọn jẹ ẹ́. Ilé ló ń wù wọ́n. Èmi náà kò béèrè, torí mo ti fi ọgbọ́n wọn sọ́dọ̀ abúlé, mo rò pé fóònù ni yóò mọ̀ ọ́n.

Ní ti koríko, kò sí ohun púpọ̀ tí èèyàn lè ṣe. Oògùn apolú tí wọ́n ń tà kì í dé ibi tí ara rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀. A dín omi tí ẹ̀rọ ń wọ́n kù sí àárọ̀ nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, a sì ń hú u sọnù nígbà tó ṣì rí bíi kọ̀ǹgọ́, kí orí rẹ̀ tó ṣí, pàápàá torí ọmọ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rá láìpẹ́. Fífọwọ́ kàn án kò ṣe nǹkan. Jíjẹ ló lẹ́jọ́. Màámi fúnra wọn ló gba iṣẹ́ híhú náà ṣe. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wo ìdí rẹ̀, wọ́n á pòṣé, wọ́n á sọ ọ́ sínú náílọ́ọ̀nù.

Bébà ìyẹ̀ náà ṣì wà lára fìríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà májèlé. Màámi ló ní ká má jù ú. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Ìkirè lórí WhatsApp, pẹ̀lú ohùn gígùn tí wọ́n fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti orí òjò. Olú yìí wà ní Nàìjíríà náà, nínú koríko gígé bí èyí. Ìdáhùn dé lọ́jọ́ kejì: àbúrò wọn ní irú rẹ̀ ti yọ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn láti ọjọ́ Sunday, pé àwọn ọmọdé ti ń fi ṣeré, òun ń lọ síbẹ̀ báyìí láti lọ wo abẹ́ rẹ̀.